Ohun Tí Ìyá Togashi Kọ Sára Pátákó

Dókítà Kujirai mọ ohun gbogbo nípa ìrora, àfi bó ṣe ń dun èèyàn. Ó ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní Osaka, ó ti sọ ọ́ ní Fukuoka, wọ́n sì ti fi ọkọ̀ òfurufú gbé e lọ sí ìlú òyìnbó lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè dúró níwájú àwọn èèyàn pẹ̀lú táì rẹ̀, kí ó máa ṣàlàyé bí a ṣe ń wọn ìrora ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ọdún méje tí mo fi bá a ṣiṣẹ́ ní yàrá àwọn tí àìsàn wọn le jù, ní ilé ìwòsàn kan báyìí ní Tokyo, mi ò rí i kí ó di ọwọ́ aláìsàn kan mú rí. Ìwé ló máa ń dì mú. Níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí pé iṣẹ́ ni iṣẹ́. Níbi tí mo wà yìí, mi ò rí ìdí tí n ó fi máa pè é ní "wọ́n".

Ìwé tí mo ń wí yìí ò le rárá. Ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí ò lè fọhùn, rọ́bà wà lọ́fun rẹ̀, torí náà àwa nọ́ọ̀sì la ó wò ó, tí a ó sì fún un ní máàkì. A ó wo ojú: ṣé ó tú ká ni àbí ó fún pọ̀? A ó wo apá: ṣé ó nà sílẹ̀ ni àbí ó ká kò? A ó wo òun àti ẹ̀rọ: ṣé wọ́n jọ ń mí ni àbí wọ́n ń bá ara wọn jà? Ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ení dé ẹ̀rin. Ẹni tó bá gba mẹ́ta lápapọ̀, nǹkan kan ò dùn ún. Ẹni tó bá gba méjìlá, ojú ń pọ́n ọn gan-an. Bó bá ti kọjá márùn-ún, a ó fún un ní oògùn. Ìwé tó dáa ni. Mi ò bá ìwé jà.

Ẹni tó ń lò ó ni mo ń bá jà. Kujirai fẹ́ràn mẹ́ta. Ó máa ń to àwọn mẹ́ta wa jọ sínú àwòrán tó fi ń hàn káàkiri, ilà gbọọrọ kan tó lọ sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kí gbogbo ayé lè rí i pé nínú yàrá tirẹ̀ ìrora ò ráyè. Bí o bá kọ mẹ́jọ, yóò pè ọ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀, yóò fún ọ ní tíì, yóò fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi ọ́ bóyá ó ti rẹ̀ ọ́, bóyá kí o tún lọ gba ẹ̀kọ́ ìdíwọ̀n náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Wákàtí kan gbáko. Kò pẹ́ tí gbogbo wa fi gbọ́n. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mẹ́ta. Èmi náà kọ ọ́. Mo sì ń lu òǹtẹ̀ orúkọ mi sí ìdí rẹ̀, Nagatsuka, pupa rekete, kí n lè tètè relé lọ gbé ìrẹsì kaná.

Àárín mẹ́ta wọ̀nyí ni Ìyá Togashi bá wa.

Togashi Tomiyo lorúkọ wọn, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Obanazawa ni ilé wọn, lókè àríwá níbi tí yìnyín ti máa ń bo fèrèsé. Nígbà tí ọkọ wọn kú, Noriaki ọmọ wọn kó wọn wá sí Tokyo, ó fi wọ́n sí yàrá kan ní àjà kẹsàn-án, ó sì gbà pé òun ti tọ́jú ìyá òun. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀ kí ìfun wọn tó lu. Àwọn oníṣẹ́ abẹ gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n rán inú náà pọ̀, wọ́n sì gbé ìyá wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú rọ́bà lọ́fun àti ẹ̀rọ tó ń bá wọn mí.

Ní ọjọ́ kẹfà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a dín oògùn oorun wọn kù. Mo tẹ̀ mọ́ wọn létí, mo kí wọn káàárọ̀, mo sọ orúkọ mi, mo ní ilé ìwòsàn ni wọ́n wà, kí wọ́n má fòyà. Ojú wọn là. Wọ́n wò mí títí, bí ẹni tó ń rántí ibi tó ti mọ̀ mí rí. Mo rò pé oògùn ló ń dà wọ́n láàmú.

Mo wo ojú wọn, ó dúró gbagidi. Mo wo ẹ̀rọ, wọ́n jọ ń mí. Ó ku apá. Ọwọ́ ọ̀tún ìyá kò yé rìn lọ sí ìhà ikùn. Nígbà tí Kujirai kọjá, ó ní wọ́n fẹ́ fa rọ́bà yọ ni, ó ní kí n fi ìbọ̀wọ́ òwú dì í, kí n so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo so ó. Ọwọ́ tí wọ́n bá so mọ́lẹ̀ kò lè ká kò. Mo wo apá lẹ́ẹ̀kejì, mo sì kọ ení. Mẹ́ta lápapọ̀. Mo lu òǹtẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a tú ọwọ́ ìyá, a fi bírò sí i, a gbé pátákó kékeré sí wọn láyà bóyá wọ́n ní nǹkan láti sọ. Ó gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọn ò wo pátákó rárá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, èmi ni wọ́n tẹjú mọ́. Lẹ́tà mẹ́ta péré ló jáde: ya, me, ru. Ní èdè wa, èèyàn lè fi àmì kọ ọ̀rọ̀, àmì náà á sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ láìsí àríyànjiyàn. Èèyàn sì lè kọ bó ṣe ń dún lásán. Ọwọ́ Ìyá Togashi ń gbọ̀n, wọn ò lè fa àmì. Bó ṣe ń dún ni wọ́n kọ.

Yameru. Mo jáwọ́. Ó tó. Ohun tí òṣìṣẹ́ máa ń sọ nìyẹn tí iṣẹ́ bá sú u, tó fẹ́ fi í sílẹ̀.

Bí Kujirai ṣe kà á ni ojú rẹ̀ tàn. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: inú rẹ̀ ò dùn pé èèyàn fẹ́ kú. Inú rẹ̀ dùn nítorí òun tún ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí i pé a bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ aláìsàn, ìgbìmọ̀ náà sì ti jókòó fún ọdún kan ààbọ̀ láìrí aláìsàn kan tí yóò sọ ohun tó fẹ́. Ìyá Togashi wá bí ẹ̀bùn. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ kánjú, ó ní ohun tó yẹ ni láti bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, níwájú ẹlẹ́rìí, nígbà tí ọpọlọ wọn bá mọ́ kedere.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ló bi wọ́n. Èmi ni ẹlẹ́rìí. Ó tẹ̀ díẹ̀, kò tẹ̀ púpọ̀, kí táì rẹ̀ má baà kan bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá àgbà," ó ní, "ohun tí ẹ kọ yìí, ṣé yameru ni?"

Ìyá náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó tún un bi. Wọ́n mi orí débi pé rọ́bà ọ̀fun wọn mì, ẹ̀rọ sì pariwo. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, omi bọ́ lójú wọn, ó ṣàn wọ inú etí. Mo fi aṣọ nù ún. Kujirai kọ ọ́ sílẹ̀ pé a bi aláìsàn lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì sunkún ìtura. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé kí ni máàkì ìrora wọn. Mo ní mẹ́ta. Ó ní òun mọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Noriaki wá. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, bàtà rẹ̀ ń dán, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì bí ẹni pé mi ò rí i. Kujirai ṣàlàyé fún un bí olùkọ́. Ibà ìyá ń gòkè, ẹ̀jẹ̀ wọn ń bàjẹ́ sí i lójoojúmọ́, fọ́tò tí a ya inú wọn ní ọjọ́ kẹrin kò sì fi ibi tó ti ń wá hàn. Ara fúnra rẹ̀ ló ti ń jáwọ́, ó ní, ìyá ló kàn jẹ́ olóòótọ́ tó fọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì ní agogo méjì ọ̀sán, a ó yọ rọ́bà náà, a ò ní dá a padà, a ó sì jẹ́ kí wọ́n máa lọ ní pẹ̀lẹ́. Noriaki bi í bóyá yóò dun ìyá òun. Kujirai ṣí ìwé wa, ó fi ìka tọ́ ọ, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Noriaki dúpẹ́, ó fọwọ́ sí i. Ó ní ìyá òun ò fẹ́ràn láti ni èèyàn lára rí.

Mo ń wò ó, mo sì ń kẹ́gàn rẹ̀ lọ́kàn mi. Mo ní, ọmọ tó gbé ìyá rẹ̀ sókè bí ẹrù, tí kò wá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láti ọ̀sẹ̀ kan, òun náà ló ń tọwọ́ bọ̀wé báyìí. Nínú yàrá yẹn, èmi nìkan ni mo rò pé mo dára.

Ọjọ́ Ẹtì, agogo mẹ́wàá àárọ̀. Mo fẹ́ fọ ìyá mọ́ kí ọmọ wọn tó wá dágbére. Mo fọ ojú, mo fọ apá, mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọ ẹsẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni ìbàdí ti ń yọ mí lẹ́nu, gbogbo nọ́ọ̀sì tó ń yí aláìsàn mọ irú rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ nàró, ó dì mí mú. Mo fọwọ́ ti irin bẹ́ẹ̀dì, mo di ibẹ̀ mú, mo mí sókè, mo sì sọ ọ́ fún ara mi, wúyẹ́wúyẹ́, bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́ tí wọ́n bá ti oko ìrẹsì dé.

"Áà. Ìbàdí mi, yameru."

Ẹsẹ̀ tí mo ń fọ ta mí lọ́wọ́. Mo gbójú sókè. Ojú Ìyá Togashi là sílẹ̀, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń mi orí, ẹnu wọn ń gbìyànjú láti pe ọ̀rọ̀ kan yí rọ́bà náà ká, ọwọ́ tí mo ti tún so mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kọ̀wé sì ń fa okùn rẹ̀ sí ìhà ikùn, sí ìhà ikùn, sí ìhà ikùn.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́.

Ará àríwá lèmi náà. Abúlé kan lẹ́bàá Shinjo ni wọ́n bí mi sí, kò tó wákàtí kan sí ilé Ìyá Togashi tí yìnyín ò bá dí ọ̀nà. Lọ́dọ̀ wa, orí lè yameru, eyín lè yameru, inú lè yameru. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ń dùn mí, ó ń ro mí, mi ò gbádùn. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún méjìdínlógún tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Tokyo, mo lọ bá olùkọ́ wa lọ́sẹ̀ kejì, mo ní orí mi yameru. Obìnrin náà fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù tí ẹni tó bá fẹ́ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ máa ń kọ. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Látìgbà náà ni mo ti ń fẹ́nu jọ àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Mo fẹ́ ará Yokohama, mo gba orúkọ rẹ̀, mo sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé Yokohama ni mo ti wá. Mo pa ọ̀rọ̀ yẹn run lẹ́nu mi débi pé nígbà tí ìyá kan kọ ọ́ sí iwájú mi ní lẹ́tà gàǹgà, mo kà á bí ará Tokyo.

Mo tú ọwọ́ ìyá. Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì Kujirai. Noriaki ti dé, ó jókòó sí iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ife tíì, kóòtù dúdú lára rẹ̀ ṣáájú àkókò.

"Dókítà," mo ní, "ìyá yẹn ò sọ pé àwọn jáwọ́. Wọ́n ní ó ń dun àwọn ni."

Kujirai rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí n jókòó, ó ní ó jọ pé ó ti rẹ̀ mí. Mi ò jókòó. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un, bí a ṣe ń lò ó lọ́dọ̀ wa lókè, inú, orí, eyín.

"Lọ́dọ̀ yín?" ó ní. "Ṣebí ará Yokohama lẹ pera yín."

"Irọ́ ni mo pa."

"Ó dáa." Ó fa ìwé yọ lára èyí tó wà lórí tábìlì, ó tò wọ́n síwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń to káàdì. "Òǹtẹ̀ ta nìyí, Nọ́ọ̀sì Nagatsuka? Mẹ́ta. Mẹ́ta. Àárọ̀ yìí gan-an, mẹ́ta. Ẹ fẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ ará oko gbọ́, kí n wá da ìwé tí ẹ fọwọ́ ara yín lù ní òǹtẹ̀ nù?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni, kò sì sí ibi tí mo lè gbà yẹra fún un. Gbogbo ẹ̀gàn tí mo ti kó jọ fún ọkùnrin yìí láti ọdún méje, ìwé ló fi dá a padà fún mi, mẹ́ta lórí mẹ́ta.

"Irọ́ nìwọ̀nyẹn náà," mo ní. "Mo so ọwọ́ wọn mọ́lẹ̀, mo wá kọ ọ́ pé ọwọ́ náà nà sílẹ̀. Mo kọ ọ́ kí ẹ má baà pè mí wá jókòó síbí. Gbogbo wa là ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá wù yín níta."

Noriaki ló fọhùn. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni pé inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

"Inú mi yameru," ó ní. "Tí mi ò bá fẹ́ lọ síléèwé, ohun tí mo máa ń sọ fún ìyá mi nìyẹn. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi níkùn títí á fi gbóná."

Kujirai bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ lánàá.

"Mo ti ní kí wọ́n yé sọ èdè yẹn níbí. Àwọn aládùúgbò máa ń fi rẹ́rìn-ín." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Mo rò pé wọ́n ti gbọ́ tèmi ni."

A lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kujirai fẹ́ bi wọ́n fúnra rẹ̀, mo ní kò lè mọ̀ ọ́n bi. Mo tẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò sọ èdè ìyá mi síta níwájú ẹni tó wọ aṣọ funfun, ojú sì tì mí títí tí mo fi la ẹnu.

"Ìyá, níbo ló ń yameru?"

Ní Tokyo, ìbéèrè yẹn ò nítumọ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí èèyàn ti ń jáwọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ìyá Togashi ti dìde kí n tó béèrè tán. Ó gbọ̀n lọ, ó balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìhà ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́, kò sì kúrò níbẹ̀.

Kujirai gbé ọwọ́ ìyá kúrò, ó fi ìka tirẹ̀ tẹ ibẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ojú rẹ̀ lójú wọn. Ojú ìyá ò mì. Ìpéǹpéjú wọn ò fún pọ̀. "Ojú, ení," ó ní, bí ẹni tó ti jàre.

Mo ká aṣọ ìbora sókè láti ìsàlẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ wọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti ká kò mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n le, wọ́n funfun. Mo ní kí ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, àwọn ìka náà sì ká sí i. Lọ́dọ̀ wa, àwọn obìnrin tó dàgbà bí i tiwọn bímọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tín-ínrín tí ìyá ọkọ wà ní òdìkejì rẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ kérora. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kérora. Ìwé Kujirai ò ní ibi tí a ti ń kọ ẹsẹ̀.

Kujirai gbé ọwọ́ kúrò níkùn wọn. Lẹ́yìn náà ó ní kí a fún wọn ní oògùn ìrora, kí a sì tún fọ́tò inú wọn yà, kí iyèméjì lè kúrò. Kúrò lára ta ni, kò sọ. Ọyún ni wọ́n rí lábẹ́ ẹ̀dọ̀, ó tó ọsàn kékeré kan, ibẹ̀ gan-an tí ìyá ti ń tọ́ka sí láti ọjọ́ tí mo ti so ọwọ́ wọn. Oníṣẹ́ abẹ gún un láti ìta, ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Ní agogo méjì ọ̀sán, nígbà tó yẹ kí Ìyá Togashi máa lọ ní pẹ̀lẹ́, ọyún ló ń lọ, ó ń ṣàn wọ inú àpò, Noriaki sì dúró tì í, ó ń wò ó bí ẹni pé kò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ibà wálẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀, a yọ rọ́bà ọ̀fun, ìyá sì ń mí fúnra wọn.

Ní ti Kujirai, kò kú, kò sì tijú. Ìgbà ìwọ́wé ọdún yẹn, ó lọ sọ̀rọ̀ ní Sendai, àní ní àríwá níbẹ̀, nípa bí èdè ìgbèríko ṣe lè da ìdíwọ̀n ìrora rú. Ó ti fi ìbéèrè tuntun sí ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀: níbo ni wọ́n bí aláìsàn sí? Nínú àwòrán rẹ̀ tó kẹ́yìn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ "àwọn nọ́ọ̀sì wa". Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un gan-an. Kò sí ẹsẹ̀ nínú ìwé náà títí dòní.

Tí mo bá ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ibẹ̀ ni mo máa ń dá a dúró sí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yọ ṣùtì sí Kujirai, wọ́n á ní etí mi mú. Mi ò sọ ìyókù fún wọn rí.

Ọjọ́ tí Ìyá Togashi ń kúrò lọ́dọ̀ wa lọ sí wọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, mo jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án. Ohùn wọn ti padà, ó há díẹ̀. Èdè ilé ni mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, ó ti dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo ń bú Kujirai fún wọn. Mo ń fi bó ṣe ń tẹ̀ láìjẹ́ kí táì rẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì hàn wọ́n, wọ́n sì ń fọwọ́ di ibi tí wọ́n rán kí ẹ̀rín má baà dùn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

"Ìyá, ẹ̀yin náà mọ itai," mo ní. "Ọmọ ọdún méjì ní Tokyo mọ̀ pé tí nǹkan bá ń dun èèyàn, itai ló máa wí. Ẹ gbé ibí fún oṣù mẹ́rin. Kí ló dé tí ẹ ò kọ ìyẹn?"

Wọ́n wò mí, bí wọ́n ṣe wò mí ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n jí.

"Itai ni ǹ bá kọ," wọ́n ní, "ká ní àwọn yẹn nìkan ló wà níbẹ̀. Àmọ́ o ti kí mi káàárọ̀. O ń ṣe ẹnu bí ará Tokyo, ṣùgbọ́n ibi tí àwa ti máa ń gbé ohùn sókè ni ìwọ náà ti gbé e. Mo ní, ọmọ wa kan wà níbí. Ìwọ ni mo kọ ọ́ sí."

Mo wo ọwọ́ wọn lórí aṣọ ìbora.

"Nígbà tí ọkùnrin yẹn wá ń fi ọ̀rọ̀ wa bi mí, mo rò pé ìwọ lo kọ́ ọ. Inú mi dùn débi pé mo sunkún." Wọ́n gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi, èyí tí mo so mọ́lẹ̀ yẹn, ó fúyẹ́, ó sì gbóná. "Ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ mi. Kí lo wá ń ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta?"

Mẹ́ta ni mo ń kọ. Mo ń kọ mẹ́ta, mo ń lu òǹtẹ̀ sí i, mo sì ń kẹ́gàn àwọn ẹlòmíràn. Ẹnu mi ò gbà láti sọ ọ́ fún wọn, ní èdè ilé tàbí ní ti Tokyo, ni mo bá dìde, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn tún ìrọ̀rí wọn ṣe.